Crohn àbí TB Ìfun? Bí Ẹ Ṣe Lè Yà Wọ́n Sọ́tọ̀ Lára Aláìsàn Iṣẹ́ Abẹ

Ìwé èsì kan wà tó máa ń dá dókítà oníṣẹ́ abẹ lágara. Ohun tó máa ń wà nínú rẹ̀ kò ju pé: granuloma (kókó kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò ara kó jọ dá) wà níbẹ̀, ó lè jẹ́ TB, ó lè jẹ́ Crohn (àìsàn tí ara fúnra rẹ̀ fi ń bá ìfun jà), ẹ fi wé ohun tí ẹ rí lára aláìsàn. Kí ìwé náà tó dé, ìfun ti kúrò níkùn, gbogbo ohun tí wọ́n gé ti wọ fọ́máálìn látọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kòkòrò yòówù tó bá sì wà nínú rẹ̀ ti kú. Láàbù kò rí nǹkan kan gbìn mọ́. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ náà la padà sí, ojú ọgbẹ́ nìkan ló fi lé e.

Kò sí èyí tó fúyẹ́ nínú àṣìṣe méjèèjì. Bí a bá pe TB ní Crohn, tí a fún aláìsàn ní sítẹ́rọ́ọ̀dù tàbí infliximab (oògùn Crohn tó ń rẹ ìdáàbòbò ara sílẹ̀), TB lè tàn káàkiri ara, ó sì lè pa á. Bí a bá pe Crohn ní TB, oṣù 6 á lọ lórí oògùn tí kò bá àìsàn mu, ẹ̀dọ̀ lè fara gbá a, ìfun tó ti ń há á sì máa há lọ. Ibì kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn: òpin ìfun kékeré àti ibẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ní apá ọ̀tún ìsàlẹ̀ ikùn. Àwọn méjèèjì ló ń dá egbò síbẹ̀, tí wọ́n ń mú ìfun nípọn, tí wọ́n sì ń mú un há.

Dókítà àti nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ àti tíátà ni mo ń bá sọ̀rọ̀, pàápàá níbi tí TB ti wọ́pọ̀ bíi Nàìjíríà, tó wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ibi tí ẹrù TB ti wúwo jù lágbàáyé. Ìgbésẹ̀ 6 ló wà nílẹ̀. Bí àyè ẹ kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìkẹrin.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Ìtàn àìsàn tó kún, pẹ̀lú gbogbo oògùn tí aláìsàn ti lò láàárín oṣù mẹ́ta, ti kẹ́mísítì àti àgbo pẹ̀lú.
- Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: HIV, iye ẹ̀jẹ̀, CRP (àmì pé nǹkan ń jà nínú ara), albumin (púrótíìnì inú ẹ̀jẹ̀), iṣẹ́ ẹ̀dọ̀, hepatitis B.
- X-ray àyà. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò TB.
- Síkáànì CT ikùn, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ dáì.
- Colonoscopy (kámẹ́rà tí a ń gba ihò ìdí fi wo inú ìfun) tó wọ inú ìfun kékeré, kì í ṣe èyí tó dúró sẹ́nu ọ̀nà.
- Igò méjì fún ẹran tí ẹ máa gé: ọ̀kan ní fọ́máálìn, èkejì ní omi iyọ̀ mímọ́, irú èyí tí a ń fi sínú dírípù.
- Nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà ní láàbù TB àti ti dókítà tó máa wo ẹran lábẹ́ maikirosíkóòpù. Èyí kì í ṣe àwàdà. Ọ̀pọ̀ ẹran tó bàjẹ́, orí kàǹtà ló ti bàjẹ́, níbi tí kò ti sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé àyè wà láti wádìí?

Bí ìfun bá ti lu, tí ikùn ti le gbagidi, tàbí tí ìfun dí pátápátá tí aláìsàn sì ń rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀mí là ná. Ẹ fò sí ìgbésẹ̀ 4. Bí ó bá jẹ́ pé ìfun há díẹ̀ ni, tí ó ń yagbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí inú rẹ̀ ń wú tí ó sì ń rọ̀, ẹ fi rọ́bà sí i nímú, ẹ fún un ní dírípù, ẹ sì ṣe CT. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló máa ń rọlẹ̀, àyè á sì wà láti wádìí dáadáa.

Níbí ni àwọn kan ti máa ń ṣì í: ọ̀dọ́ tí ibà mú fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, tí ìfun rẹ̀ wá lu, táífọ́ọ̀dù ló yẹ kó kọ́kọ́ wá sọ́kàn wa. Ihò táífọ́ọ̀dù máa ń wà ní òpin ìfun kékeré, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ̀yìn sí mẹ́sẹ́ńtírì (awọ tó so ìfun mọ́ ẹ̀yìn ikùn), ìfun tó yí i ká kì í sì í há. Aláìsàn táífọ́ọ̀dù kì í sábà rù fún oṣù gbọọrọ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó bá ti lé ní ọmọ 50 ọdún tí kókó sì wà ní apá ọ̀tún ikùn, jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ wà nínú èrò yín títí ẹran á fi sọ pé kì í ṣe òun. Lymphoma (jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò ara) náà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀ yẹn, kò sì sẹ́ni tí kò lè mú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, lójú ọ̀gá yín, ìdí tí aláìsàn yìí fi gbọ́dọ̀ wọ tíátà lónìí tàbí ìdí tó fi lè dúró.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ bi í, ẹ sì fọwọ́ kàn án

Ohun tó ń tọ́ka sí TB: ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru tó ń rin aṣọ, rírù kíákíá, omi nínú ikùn, oṣù díẹ̀ tí àìsàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti ní TB rí tàbí tó ń bá onítọ̀hún gbé yàrá. Ohun tó ń tọ́ka sí Crohn: ọdún púpọ̀ tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ìgbẹ́ gbuuru tí kò tán, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, egbò ẹnu, oríkèé dídùn, ojú pípọ́n, fístúlà (ihò tí àìsàn lu láti inú ìfun bọ́ síta) létí ihò ìdí, àti ìfun tí wọ́n ti gé rí tí àìsàn tún padà sí ojú ibi tí wọ́n so.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀. Kókó pupa tó ń dunni lójúgun, tí ọ̀pọ̀ ń kà sí ti Crohn, TB náà máa ń mú un wá. TB lè lu fístúlà létí ihò ìdí. Crohn lè mú ibà wá.

Ihò ìdí ni wọn kì í fẹ́ yẹ̀ wò. Bí ẹ bá bi aláìsàn bóyá nǹkan wà níbẹ̀, á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, òun ti ń mu àgbo sí i. Ẹ má gba jẹ̀díjẹ̀dí gbọ́ láìwò. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ wá ihò kéékèèké tó ń ṣe ọyún, awọ tó gbé kọ́, ojú oówo tó ti san, kí ẹ sì fi ìka wọ inú. Bí ó bá ní fístúlà, ẹ bi í ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Fístúlà tó ti wà níbẹ̀ ní ọdún mélòó kan kí ìnira ikùn tó dé ń sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún Crohn.

Ọ̀rọ̀ oògùn gba sùúrù. Ẹni tó ń rù, wọ́n á ti sọ fún un ní àdúgbò pé kó lọ ra oògùn tó ń múni sanra, dexamethasone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù, ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dù á mú TB rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á sì jọ pé Crohn ló gbọ́ oògùn. Levofloxacin, oògùn apakòkòrò, náà ń jà pẹ̀lú kòkòrò TB, ó lè mú kí láàbù má rí i. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà pé “Mà, ṣé ẹ lo sítẹ́rọ́ọ̀dù?”, “rárá” lẹ máa gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, “Mà, oògùn wo ni wọ́n pò fún yín ní kẹ́mísítì? Ṣé ẹ lè ní kí wọ́n bá yín gbé páálí rẹ̀ wá?”

Ẹ béèrè nípa wàrà tútù tí a kò sè náà. Kòkòrò TB màlúù ń gba ibẹ̀ wọlé, pyrazinamide, ọ̀kan lára oògùn TB, kì í sì í ran án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Britain, ọ̀dọ̀ yín ni òṣùwọ̀n ti yí padà. Crohn ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn níbẹ̀. Bí aláìsàn yín bá dàgbà sí Ìbàdàn tàbí Èkó, tàbí tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́, ẹ kọ TB sókè ìwé kí ẹ tó kọ prednisolone, tó jẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù.

*Àyẹ̀wò:* ìwé yín ní ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí ìka yín rí ní ìdí, àti orúkọ oògùn gan-an. Bí ibẹ̀ bá ka “ó lo àwọn oògùn kan”, ẹ padà lọ bi í.

Ìgbésẹ̀ 3: Síkáànì àti colonoscopy, kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ

X-ray àyà tó mọ́ kò fi hàn pé TB kò sí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní TB ìfun ni àyà wọn mọ́ kedere. Bí àyà bá ní àmì TB tó ń jà lọ́wọ́, iṣẹ́ yín ti dín kù gan-an. Mantoux (àyẹ̀wò TB lára awọ) àti IGRA (àyẹ̀wò TB nínú ẹ̀jẹ̀) ń sọ pé ara ti pàdé kòkòrò rí, wọn kò sọ pé òun ló wà nínú ìfun yìí. BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára TB, lè mú Mantoux wú, HIV tàbí sítẹ́rọ́ọ̀dù sì lè mú méjèèjì dákẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ẹ má fi wọ́n dá ẹjọ́.

Lójú CT, kókó lymph (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò ara ń kóra jọ sí) tó tóbi, tí àárín rẹ̀ ti kú tí etí rẹ̀ sì ń tàn pẹ̀lú dáì, ni àmì tó lágbára jù fún TB. Omi inú ikùn àti awọ inú ikùn tó nípọn ń tì í lẹ́yìn. Ti Crohn ni ìfun tó nípọn ní ibi púpọ̀ tí ibi tó dára wà láàárín wọn, iṣan ẹ̀jẹ̀ mẹ́sẹ́ńtírì tó wú tó sì tò létí ìfun, àti ọ̀rá tó pọ̀ lójú kan yí ìfun ká. Híhá TB sábà máa ń kúrú, kì í tó sẹ̀ǹtímítà 3.

Lójú colonoscopy, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó kọ ohun mẹ́rin yìí, kódà bí kò bá rí wọn: ọ̀nà tí egbò gbà tẹ́ (bó yí ìfun po, TB; bó tẹ̀ lé gígùn ìfun, Crohn), bí ẹnu ọ̀nà láàárín ìfun kékeré àti ńlá ṣe rí (bó ṣí sílẹ̀ gbàgàdà, TB), iye ibi tí àìsàn dé (bó bá tó mẹ́rin, ó ń fì sí Crohn), àti bí ìdí ṣe rí. Egbò kéékèèké tó fọ́n ká àti ojú ìfun tó rí gbágungbàgun jẹ́ ti Crohn.

Ẹran tó kéré jù tí mo lè gbà ni ègé mẹ́jọ láti etí àti ìdí egbò: mẹ́rin sí fọ́máálìn, mẹ́rin sí omi iyọ̀. Ẹ tún mú díẹ̀ láti ibi tó dára lójú, kí wọ́n wọ fọ́máálìn nínú igò ọ̀tọ̀, nítorí Crohn máa ń fi àmì síbi tí ojú kò ti rí egbò.

*Àyẹ̀wò:* ìwé colonoscopy sọ pé wọ́n wọ inú ìfun kékeré, igò tó lọ sí láàbù sì ju ẹyọ kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Nínú tíátà

Kí ẹ tó fọ ọwọ́, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó ń gbé nǹkan pé, “Sísítà, igò omi iyọ̀ dà?” Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ẹ ti máa sọ fún wọn. Bí ẹ bá dúró di ìgbà tí ìfun bọ́ sọ́wọ́, igò fọ́máálìn ló máa kọ́kọ́ débẹ̀, torí òun ló ti di àṣà.

Bí ikùn bá ṣí, ẹ wo kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Kókó funfun kéékèèké tó fọ́n sórí awọ inú ikùn, sára omentum (ọ̀rá tó bo ìfun níwájú) àti sí ojú ìfun ń tọ́ka sí TB. Jẹjẹrẹ tó ti tàn lè jọ ọ́, nítorí náà ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá wà, ẹ fà á kí ẹ tó fọ ikùn: ADA (ẹ́ńsáìmù tí láàbù ń wọ̀n nínú omi náà) tó bá tó 39 U/L tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú lymphocyte (irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan) tó pọ̀, ń ṣe ìtìlẹ́yìn tó dára fún TB awọ inú ikùn. Ọ̀rá mẹ́sẹ́ńtírì tó gun ìfun lórí débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀, ti Crohn ni.

Ohun tí ẹ máa ṣe pẹ̀lú ẹran rèé:

1. Ẹ mú kókó lymph odindi méjì ó kéré tán láti mẹ́sẹ́ńtírì, kódà bí ẹ kò bá gé ìfun. Kókó tó wú jù ni kí ẹ yàn.
2. Pẹ̀lú ọ̀bẹ mímọ́, lórí tábìlì mímọ́, ẹ la kókó kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ìdajì kan sí fọ́máálìn, ìdajì kejì sí omi iyọ̀. Bí inú rẹ̀ bá ti rà, tó funfun bí wàrà tó dì, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù.
3. Láti ara ìfun tí ẹ gé, ẹ mú ègé kan létí egbò sí omi iyọ̀. Ìyókù lè wọ fọ́máálìn.
4. Omi iyọ̀ díẹ̀ péré, kí ẹran ṣáà má gbẹ ni.
5. Lórí igò omi iyọ̀, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé: KÌ Í ṢE FÚN FỌ́MÁÁLÌN. GeneXpert àti gbígbìn fún TB.
6. Kí ẹnì kan gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bí láàbù bá ti tì, inú fíríìjì ni, kì í ṣe fírísà.

Ẹ wọ ìbomú N95 bí ẹ bá ń la kókó náà. Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ jáde.

Ní ti iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, gígé kékeré ló tọ́ nínú méjèèjì: ibi tó bàjẹ́ nìkan. Híhá kúkúrú púpọ̀ ṣeé là kí a sì rán an ní ìbú, dípò kí a gé ìfun gígùn dànù. Ihò tó lu lára ìfun tó ní TB, ẹ má kàn rán an pa kí ẹ sì jáde. Ara ìfun náà kò lágbára, ó sábà máa ń já. Ẹ gé ibẹ̀, bí albumin bá sì lọ sílẹ̀ gan-an tàbí ìgbẹ́ ti kún ikùn, ẹ fa ẹnu ìfun síta ara ikùn dípò kí ẹ so ó pọ̀. Ẹ sá fún fífò ibi tó há kọjá láìgé e. Bí ẹ kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, ìlànà jẹjẹrẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹni tó wọ tíátà fún àpẹ́ńdíìsì tí ẹ wá bá kókó ńlá níbẹ̀: bí ìfun kò bá dí, tí kò sì lu, ẹ kò nílò láti gé e lóru yẹn. Kókó lymph kan, omi díẹ̀, ẹ pa ikùn dé.

*Àyẹ̀wò:* kí aláìsàn tó kúrò lórí tábìlì, igò fọ́máálìn àti igò omi iyọ̀ wà níwájú yín, orúkọ wà lára wọn, ẹni tó máa gbé wọn lọ sì ti dúró. Bí igò kan ṣoṣo bá wà, iṣẹ́ abẹ náà kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ 5: Kíka èsì

GeneXpert kì í gba ju wákàtí 2 lọ nínú ẹ̀rọ. Bó bá rí TB, TB ni, àyàfi bí aláìsàn bá ti gba ìtọ́jú TB láìpẹ́, torí ẹ̀rọ náà lè rí kòkòrò tó ti kú. Bí Ultra (ẹ̀dà GeneXpert tó lágbára jù) bá kọ “trace” (ìwọ̀n díẹ̀ bíńtín) lórí ẹran inú ara, ẹ kà á sí pé ó rí i. Bí kò bá rí TB, ẹ má sọ pé TB kò sí. Kòkòrò inú ìfun kì í pọ̀, ẹ̀rọ náà sì máa ń fò ó. Èyí ni ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ń yà sọ́nà Crohn ní kánmọ́. Ẹ dúró de èyí tí wọ́n gbìn: MGIT, ẹ̀rọ tí a fi ń gbin kòkòrò TB, lè tó ọjọ́ 42.

Lábẹ́ maikirosíkóòpù, granuloma TB máa ń pọ̀, wọ́n máa ń tóbi, wọ́n máa ń dàpọ̀ mọ́ra, wọ́n máa ń wà nísàlẹ̀ awọ ojú ìfun, àárín wọn sì lè rà. Ti Crohn kéré, ó dá dúró, kò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ Crohn ni kò ní i rárá. Àárín tí kò rà kò fi hàn pé TB kò sí.

Àǹfààní tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ní nìyí, tí ẹni tó ní colonoscopy nìkan kò ní: kókó lymph. Bí granuloma bá wà nínú kókó lymph tí kò sì sí nínú ara ìfun, TB ni kí ẹ rò. Crohn kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìwé èsì kò bá sọ̀rọ̀ nípa kókó lymph, ẹ pe dókítà náà kó wò ó. Bí gbogbo ẹran bá ti wọ fọ́máálìn ná, ẹ béèrè fún àwọ̀ Ziehl-Neelsen (tó ń jẹ́ kí kòkòrò TB hàn) àti, níbi tó bá wà, PCR (àyẹ̀wò DNA kòkòrò) lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ẹran náà sí. Agbára wọn kéré, àmọ́ wọn kì í ṣe òfo.

*Àyẹ̀wò:* èsì ìfun, èsì kókó lymph, èsì Xpert àti ọjọ́ tí èsì gbígbìn máa jáde wà lójú ìwé kan náà.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí kò bá tíì yé yín, oògùn TB ló ṣáájú

Kò sí sítẹ́rọ́ọ̀dù ní àsìkò yìí. Rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol fún oṣù 2, lẹ́yìn náà rifampicin àti isoniazid fún oṣù 4. Ọ̀fẹ́ ni ní àwọn ibùdó DOTS (ibùdó ìtọ́jú TB) ní Nàìjíríà. Ẹ fi vitamin B6 kún un. Bí aláìsàn bá ń lo dolutegravir fún HIV, miligíráàmù 50 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, torí rifampicin ń gé e kù. Ẹ kìlọ̀ fún un pé ìtọ̀ á pọ́n. Bí ALT (àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀) bá ju ìlọ́po 3 ìwọ̀n tó ga jù tó yẹ lọ pẹ̀lú èébì tàbí ojú tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, tàbí ìlọ́po 5 láìsí àmì kankan, ẹ dá oògùn dúró kí ẹ pe ẹni tó mọ̀.

Ní oṣù 2, ẹ tún fi colonoscopy wò ó. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń gbọ́ “ara mi ti yá, dókítà” tí wọ́n á sì kà á sí ẹ̀rí. Ẹni tó ní Crohn náà lè sanra díẹ̀ lórí oògùn TB. Egbò ni kí ẹ wò: bó bá jẹ́ TB, egbò á ti jiná tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jiná. Híhá kì í ṣe ẹ̀rí, torí àpá TB tó ti san lè fún ìfun pa, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ mìíràn.

Bí egbò kò bá yí padà, ohun mẹ́rin ni kí ẹ tọ pinpin: ṣé ó ń lo oògùn lóòótọ́, ṣé kòkòrò náà ti kọ oògùn (èsì gbígbìn á sọ), ṣé lymphoma ni, ṣé Crohn ni. Ẹ wá ìdáhùn sí mẹ́ta àkọ́kọ́ kí ẹ tó mú ìkẹrin.

*Àyẹ̀wò:* ìwé tí aláìsàn gbé lọ sílé sọ ọjọ́ colonoscopy kejì, ọjọ́ tí èsì gbígbìn máa jáde, nọ́ńbà láàbù, àti gbólóhùn yìí lókè fún dókítà yòówù tó bá tún rí i: “Ẹ má fún un ní sítẹ́rọ́ọ̀dù kí ẹ tó ka èsì TB.”